Owó Díẹ̀, Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ San?
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kọ́ ni mo ti ṣètò tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kajú àti àgbàdo ni mo ti kọ sílẹ̀, kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ owó yíyá. Alága ní kí n kọ ọ́. Ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn náà gbà kí n kọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ìyá yìí ń ta èlùbọ́ àti irú. Ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́, kò sì sí ìgbà kan tí ó jẹ gbèsè ẹgbẹ́ kọjá ọjọ́ tó dá. Ó wá yá owó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tó kọjá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a bi í pé kí ni ó fẹ́ fi owó ṣe, ó sì yọ bébà kan jáde láti abẹ́ ìborùn rẹ̀. Ọmọ náà ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Akápò kà á sókè: aṣọ funfun mẹ́fà; bàtà méjì; àpótí ńlá kan; ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń gbọ́ àyà tí wọ́n ń pè ní stẹtosikóòpù, èyí tó dára jù lórí àtẹ; aago tí wọ́n ń há mọ́ àyà; fóònù tuntun, nítorí ìwé kíkà; owó aṣọ ẹbí fún ọjọ́ tí wọ́n bá máa dé e ní fìlà. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ "owó ilé-ìwé" sí, kò sì kọ iye kankan sí i.

A rẹ́rìn-ín, ìyá náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè èsì ìdánwò ọmọ náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ó ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní in nínú Ìṣirò, nínú Bàọ́lọ́jì àti nínú Físíìsì. Kẹ́mísìrì rẹ̀, D7 ni. Mo ní, "Ìyá, ilé-ìwé wo ló wá gbà á?" Ó ní ọsibítù aládàáni kan ni. Ó ní ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ ní wọn kì í béèrè Kẹ́mísìrì lọ́dọ̀ tiwọn, pé ọdún méjì péré ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, àti pé ìdajì owó gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyè yóò kún.

Ara mi bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí àwọn kan nínú yín mọ ìtàn yìí dé ìdajì, wọn ò mọ ìyókù.

Lọ́dún 2003, bàbá wa ta màlúù kan, ó tún ta ẹ̀gúsí tó ti kó pamọ́, ó fi owó rẹ̀ sọ àbúrò mi obìnrin sí irú ibẹ̀ yẹn, ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Àbúrò mi wọ aṣọ funfun. Ó fún ènìyàn lábẹ́rẹ́, ó fọ ilẹ̀, ó bá wọn gbẹ̀bí, ó sùn ní wọ́ọ̀dù mọ́jú lọ́pọ̀ òru. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ògbòòrò níbí, "nọ́ọ̀sì" ni àwọn ọmọdé ń kígbe tẹ̀lé e. Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n fún un ní ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa. A pa ewúrẹ́. Ó mú ìwé náà lọ sí ọsibítù ìjọba láti wá iṣẹ́. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn béèrè nọ́ńbà tí Ìgbìmọ̀ àwọn Nọ́ọ̀sì fún un. Àbúrò mi kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ká ìwé náà, ó dá a padà fún un, ó ní kó máa lọ sílé kó lọ fara balẹ̀.

Èmi nìkan ló sọ fún. A kò sọ fún bàbá wa. Bàbá wa kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun bí nọ́ọ̀sì.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Akápò má tíì ka owó kankan sílẹ̀ fún ìyá elélùbọ́ yìí. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ kò fẹ́ yá a. Ọ̀rọ̀ náà ni pé owó kékeré kì í fàyè gba àṣìṣe méjì. Olówó lè ṣìnà, kó padà, kó tún san òmíràn. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ jọ ní kọ́ńgò kọ́ńgò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lábẹ́ òfin nìyí. Ní ọdún 1979, ìjọba ológun ṣe òfin kan, Decree nọ́ńbà 89, tó fi Nursing and Midwifery Council of Nigeria ṣe olórí gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ilẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń sọ ilé-ìwé tó lè kọ́ nọ́ọ̀sì àti èyí tí kò lè kọ́ ọ. Òun ló ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá. Òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá yege sínú ìwé ńlá, tó ń fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò máa sọ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bí aṣọ rẹ̀ funfun bíi lékeléke, bí dókítà tó kọ́ ọ tilẹ̀ jẹ́ dókítà gidi. Dókítà lè kọ́ ènìyàn ní abẹ́rẹ́ fífún. Kò lè sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì nínú ilé ara rẹ̀.

Orúkọ àwọn ilé-ìwé tí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí kì í ṣe nǹkan àṣírí. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ìgbìmọ̀ náà, ọmọ tó bá ní fóònù lè wò ó fún yín kí omi ọbẹ̀ tó hó. Bí ẹ kò bá fọkàn tán fóònù, ẹ lọ bá ìyá nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ má wulẹ̀ béèrè, ẹ di àpò yín mú níwájú rẹ̀.

Ní ti èsì ìdánwò, kírẹ́díìtì márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì. Ó gbọ́dọ̀ pé láàárín ìjókòó méjì, ó pọ̀ jù. Bí ọmọ bá ní mẹ́rin nínú èsì kan, tó wá rí ìkarùn-ún nínú èsì kejì, ó ti ní i nìyẹn. Mo sọ èyí fún ìyá elélùbọ́, ó wo ojú mi, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé owó Kẹ́mísìrì yẹn nìkan ni ẹ fẹ́ yá mi? Kò tó nǹkan kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tó nǹkan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi kọ ọ́ sínú bébà.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí níbí. Ilé-ìwé tó ní tíṣà Kẹ́mísìrì gidi kò pọ̀ láàárín Àgọ́-Àmọ̀dù, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà mìíràn òjíṣẹ́ ìlú tí wọ́n gbé wá fún ọdún kan ni yóò kọ́ wọn. Bó bá ti lọ, ó dìgbà tí òmíràn bá tún dé. D7 ọmọ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Nítorí náà, owó tó kọ́kọ́ yẹ kó jáde ni owó fọ́ọ̀mù ìdánwò kejì, àti owó lẹ́sìnnì ní Sakí, àti oúnjẹ tí ọmọ yóò máa gbé lọ sílé ìbátan tí yóò gbà á sílé níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù JAMB náà wà níbẹ̀, nítorí kò sí yunifásítì tó gbà ènìyàn láìsí i, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì náà sì ti ń béèrè rẹ̀ báyìí.

Àwọn àgbà kan níbi ìpàdé sọ pé, "Ṣé ìjọba kì í san owó fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni?" Ẹ má bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Láyé ìgbà kan, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì a máa gba owó kékeré lóṣooṣù, wọ́n a fún un ní aṣọ àti ibùgbé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wọ́ọ̀dù wà. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò ní owó yunifásítì lè lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún láàárín ọdún 1950 sí 1970. Kódà ní England, owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró ní 2017, ariwo pọ̀, wọ́n tún wá dá £5,000 lọ́dún padà ní 2020. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ló ń sanwó.

Kí n mẹ́nu ba ẹnì kan nínú àwọn ìṣáájú, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiwa mu. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ti di ìyàwó ilé, ó ti di ìyá ọmọ, kó tó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London ní 1946. Ibẹ̀ ló ti wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ti St Thomas' Hospital, èyí tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Ó yege ní 1950, ó padà wálé ní 1954, ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, òun ló kọ́kọ́ di matron níbẹ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, lẹ́yìn àwọn òyìnbó. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fún nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo rí nínú ìtàn obìnrin yìí ni pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá elélùbọ́ ń bẹ̀rù pé bí ọmọ òun bá fi ọdún kan ṣe Kẹ́mísìrì, ọjọ́ orí yóò ti lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Ọjọ́ orí wo ló lọ?

Ó kan ilé-ìwé. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Baptist Medical Centre ní Sakí. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, ti UCH náà wà ní Ìbàdàn. Owó wọn kò dọ́gba, ó sì ń yí padà, nítorí náà mi ò ní kọ iye kankan síbí tí ẹ ó fi wá bá mi jà lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ béèrè iye gbogbo, kì í ṣe iye ọdún kìíní nìkan. Ilé-ìwé kan lè gba owó díẹ̀ lọ́dún kìíní, kí ó wá gbé ti ibùgbé àti ti ìdánwò gun orí ara wọn lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì ṣírò owó ọkọ̀. Ọmọ tó wà ní Sakí, ẹ lè fi gàrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, oúnjẹ rírà ni, àti ọkọ̀ tó ń gun òkè sọ̀ ilẹ̀ láti Ìsẹ́yìn. Mo ti rí òbí tó sá fún owó ilé-ìwé tí ó ga díẹ̀ nítòsí, tó wá ná ju iye yẹn lọ lórí mọ́tò àti oúnjẹ níbi tó jìnnà.

Ẹ má tún fi ọdún mẹ́ta ṣírò mọ́. Ọdún mẹ́ta ni àwọn ará ìṣáájú fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé ti ń bọ́ sínú ètò ND àti HND, èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ti yunifásítì, ọdún márùn-ún ni. Ẹni tó bá fi owó ọdún mẹ́ta há ọwọ́ yóò rí i pé ọmọ dúró sí ìlàjì odò.

Wàyí o, a gbé bébà ọmọ náà lélẹ̀, a ní kí á tò ó padà. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí àwọn obìnrin inú ìgbìmọ̀ kò gbà fún àwa ọkùnrin, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Aṣọ mẹ́fà di méjì. Ohun mìíràn ni pé kò tilẹ̀ yẹ kó rán ìkankan nísinsìnyí. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí, ti òmíràn ní ìlà aláwọ̀ búlúù, àwọn kan sì ń rán an fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá rán aṣọ kó tó mọ ilé-ìwé dà bí ẹni tó ra ìjánu kó tó ra ẹṣin.

Stẹtosikóòpù fa ariwo. Ọmọ ló fẹ́ ẹ, torí ohun tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nìyẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n. Mo pe ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, mo bi í lórí fóònù lójú gbogbo wọn. Ó ní lọ́dún kìíní, ìwé nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọn yóò máa kà jù, pé èyí tí kò wọ́n tó, pé kí a tó ra ti olówó iyebíye ó di ìgbà tó bá mọ ohun tó ń gbọ́. Ó wá sọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà nínú bébà yẹn, aago àyà tí owó rẹ̀ kéré jù ni ọmọ yóò lò jù. Nọ́ọ̀sì kì í dé aago mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ìdọ̀tí àti àìsàn tó lè dúró lábẹ́ rẹ̀. Aago àyà ló fi ń ka bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní kó ṣáà ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá.

Obìnrin yìí náà ló fi ohun kan kún bébà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó ní kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn hepatitis B kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ń gbà ràn, abẹ́rẹ́ tó bá ṣèèṣì gún nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lè kó o ràn án, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ di ọ̀la. Àbúrò mi fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ fún ọdún méjì láìgbà á, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó wà.

Ìwé kíkà, ẹ ra ti àwọn tó ti jáde. Ẹ ṣáà wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀rọ̀ oògùn ń yí padà. Ti ẹ̀yà ara kì í yí padà, ìfun ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Fóònù, Akápò ní kí a yọ ọ́ kúrò, èmi ní kí a má yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àti ìfitónilétí ilé-ìwé ló ń gba ibẹ̀ wọlé nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ló fọ́. Ojú rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀.

Ó wá ku aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni ìjà wà. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lo oṣù mélòó kan, tí wọ́n yege ìdánwò àkọ́kọ́, wọn a dé wọn ní fìlà nọ́ọ̀sì, ẹbí a kún ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ṣé ọmọ wa kò ní í ní ènìyàn lẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni?" Ìyá elélùbọ́ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní òun ti ra aṣọ ẹbí ọmọ ẹlòmíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pé ìdí tí òun fi kọ ọ́ nìyẹn, kí wọ́n lè ra tòun padà. Gbogbo ilé dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó wa, gbèsè tí a ń gbà padà ni. Mi ò ní irọ́ pa fún yín pé a yanjú rẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹgbẹ́ kò ní yá owó fún un, bí ó bá sì di ọjọ́ náà tí ọmọ yege, kí ìyá náà fi owó ọjà ara rẹ̀ ṣe èyí tó bá wù ú.

Dípò rẹ̀, a fi ohun kan sí i: owó ìdánwò àṣekágbá ti Ìgbìmọ̀. Ìparí ẹ̀kọ́ ló ń dé, nígbà tí òbí ti gbẹ, mo sì ti rí ọmọ tó yege gbogbo ẹ̀kọ́ tó wá jókòó sílé nítorí owó ìdánwò. Láti oṣù tí ọmọ bá ti wọlé, ìyá náà yóò máa fi díẹ̀ sí ìwé ìfipamọ́ ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwé náà kò ní ṣeé fi dúró fún owó yíyá mìíràn, Akápò ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí i lára.

Ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró ní kí a yá a ní gbogbo rẹ̀, pé bí ọmọ bá ti dé London ní ìparí ẹ̀kọ́, oṣù mẹ́ta ni yóò fi san án tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ìṣirò gbèsè ẹgbẹ́ sórí London. Láti 2024 ni Ìgbìmọ̀ ti pa á láṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ rẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè. Owó sì tún wà níwájú. Ìdánwò àfọwọ́ṣe nìkan tí wọ́n ń ṣe fún nọ́ọ̀sì àjèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £794 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ní 2024. Ẹ fi náírà ṣí i wò. Bí ọmọ bá lọ, kó lọ ire. Èlùbọ́ ni yóò san owó ẹgbẹ́.

Owó ìjọba kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún, kì í ṣe ti aládàáni. Ọmọ tó bá rí nọ́ọ̀sì kà ní yunifásítì ìjọba, kó béèrè rẹ̀ kó tó wá bá wa.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀tàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń rí ní ilé ìwòsàn kéékèèké inú abúlé, tí wọ́n ń pè ní CHEW, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera. Ti JCHEW jẹ́ ọdún méjì. Ìgbìmọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín lórúkọ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, ìjọba mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni àbúrò mi padà lọ ní 2011, lẹ́yìn tó ti ta gààrì fún ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo san ọdún kìíní, ẹgbẹ́ yìí ló yá mi ní ti ọdún kejì. Ó ń fún àwọn ọmọ yín ní àjẹsára lónìí.

Ìpinnu ìgbìmọ̀ nìyí, kí ẹ baà lè mọ bí a ó ṣe máa ṣe é fún ẹlòmíràn. A yá ìyá náà lówó, ṣùgbọ́n a ò kó o fún un lẹ́ẹ̀kan. Ìpín kìíní jẹ́ ti Kẹ́mísìrì, ti fọ́ọ̀mù àti ti lẹ́sìnnì, òun nìkan ló gbà lọ. Ìpín kejì yóò jáde bí èsì bá dé tí ilé-ìwé tí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí bá gbà á, a ó sì san án sí àpò ilé-ìwé, ìyá yóò mú rìsíìtì wá. Sísan padà kò ní bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àsìkò tí ilé-ìwé ń wọlé kì í ṣe àsìkò owó fún elélùbọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣu ń gbẹ, tí èlùbọ́ ń pọ̀, tí àwọn oníbàárà ń wá láti Ìbàdàn. Oṣù kìíní ọdún ni a fi ìbẹ̀rẹ̀ sí. Àwọn onídùúró méjèèjì ti tẹ̀ka.

Ẹni tó ń dúró de ìdajì owó ní ọsibítù yẹn pe ìyá náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìyá náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni nọ́ńbà tí Ìgbìmọ̀ fún ilé-ìwé wọn. Kò tún pè mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà wá sílé mi wá gba ìwé Kẹ́mísìrì tí ọmọ mi ti lò. Ó ṣí i, ó bi mí bóyá mo lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní mole. Mo ní ìṣirò owó lèmi mọ̀, pé tíṣà wà ní Sakí. Ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló bá lọ, pẹ̀lú kọ́ńgò èlùbọ́ mẹ́ta, ike irú kan, àti fóònù ojú fífọ́ rẹ̀.